Ìlera òṣìṣẹ́ ilé-ìwé: ibo ni kí owó díẹ̀ tó wà lọ́wọ́ lọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni kan ní Ìbàdàn ni mí. Òṣìṣẹ́ 34 ni wá: olùkọ́ 23, àwọn tó kù jẹ́ alásè, awakọ̀, agbálẹ̀, akọ̀wé àti ọlọ́dẹ. Lọ́dún tó kọjá a ṣe ọjọ́ ìlera kan. Dókítà wá sọ̀rọ̀, wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru fún gbogbo wa, a jó, a fò, a pín fáńílà. Kò pé oṣù mẹ́ta sí i tí olùkọ́ wa kan fi dìgbòlulẹ̀ nínú kíláàsì. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ń ráhùn ẹ̀yìn, ohùn àwọn mìíràn kì í sì í dé ọjọ́ Ẹtì kó tó ha. Ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ fẹ́ fún wa lówó díẹ̀, wọ́n ní ká fi ra ẹ̀rọ ìsáré. Ṣé ohun tó yẹ nìyẹn?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá wa, ẹ sì kú ìdààmú olùkọ́ tó dìgbòlulẹ̀ náà.

Ẹ má ra ẹ̀rọ ìsáré. Kí sáà kan tó parí, ibi tí wọ́n ń sá aṣọ òjò sí ni yóò dà. Ẹni tó ti wà lórí ìdúró láti aago méje ààbọ̀ àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán kò tún ní máa wá ibi tí yóò ti sáré, ká má tíì sọ ti iná ẹ̀lẹ́ńtíríìkì. Ọjọ́ ìlera tí ẹ ṣe kò burú, àmọ́ ohun tó ń sọ fún òṣìṣẹ́ ni pé kó lọ tún ara rẹ̀ ṣe. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yìí, inú ètò iṣẹ́ ló ti ń wá: iye wákàtí tí wọ́n fi ń dúró, ariwo tí wọ́n ń pariwo bò mọ́lẹ̀, omi tí wọn kì í mu, àga tí kò bá wọn mu tàbí tí kò tilẹ̀ sí. Ẹ̀yin lẹ lè yí ìwọ̀nyẹn padà, àwọn kò lè yí i. Ibẹ̀ ni kí owó náà lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan ni kí ẹ kọ́kọ́ dojú kọ, torí òun ló lè pààyàn kí ẹ tó parí àtúnṣe yòókù.

Ọ̀nà méjì ni wíwọn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́jọ́ ìlera sábà fi ń bàjẹ́. Nọ́ńbà tí wọ́n rí kì í ṣeé gbára lé: ènìyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ jó tán, ó tò sórí ìlà, ó ń bá ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tàkúrọ̀sọ, wọ́n wé ọ̀já lé apá aṣọ rẹ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó kọjá. Èyí tó tún burú ju ìyẹn ni pé kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé ẹni tí tirẹ̀ ga. Ẹni tó rí 172/104 gba ìwé pélébé, ó tì í bọ àpò, ó padà sí kíláàsì. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, ẹni tí nǹkan kan kò sì dùn kì í wá dókítà lọ.

Ẹ ra ẹ̀rọ oníbátìrì tí wọ́n ń wé mọ́ òkè apá. Ẹ má ra ti ọrùn ọwọ́. Kí ẹ tó rà á, ẹ mú tépù aránṣọ kí ẹ fi wọn yíká àárín òkè apá àwọn òṣìṣẹ́ yín. Ọ̀já tó máa ń bá ẹ̀rọ wá nínú páálí sábà máa ń jẹ́ ti apá tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Ó dájú pé ẹ ó rí àwọn tí apá wọn tó 35 tàbí 38. Bí ọ̀já bá kéré jù fún apá, nọ́ńbà á ga ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n a sì máa fún ẹni tí ara rẹ̀ le lóògùn. Ẹ ra ọ̀já ńlá mọ́ ọn, èyí tí wọ́n kọ 32 sí 42 tàbí 22 sí 42 sí lára.

Ẹ yan àárọ̀ kan lọ́sẹ̀, láàárín aago méje sí méje ààbọ̀, kí ariwo ọmọ tó pọ̀. Kí ẹni tí ẹ fẹ́ wọ̀n ti tọ̀, kó má ti mu kọfí tàbí sìgá láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kó fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀ láìkọ́ ara wọn, kó gbé apá lé tábìlì ní déédéé ọkàn rẹ̀. Ara lásán ni kí ọ̀já kàn. Bí apá aṣọ bá fún, kó yọ apá kúrò nínú rẹ̀, torí aṣọ tí wọ́n ká sókè tipátipá a máa fún apá bí okùn. Kó má sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́. Kódà "ẹ káàárọ̀" lè gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan sí méjì wà láàárín, kí ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún láàárọ̀ kan ti tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ẹ ó ti kárí gbogbo òṣìṣẹ́, àti ọlọ́dẹ àti alásè.

Ẹni tí tirẹ̀ kò tó 140/90, ó di sáà tó ń bọ̀. Ẹni tí nọ́ńbà àkọ́kọ́ rẹ̀ bá tó 140, tàbí tí ìkejì bá tó 90, ẹ tún un wọ̀n lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá ṣì ga, kó lọ rí dókítà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá tó 160/100, kó lọ láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn. Bó bá tó 180/120, ẹ jẹ́ kó sinmi ìṣẹ́jú márùn-ún kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ọsibítù lọ́jọ́ náà. Bí orí bá ń fọ́ ọ gan-an, tí àyà ń dùn ún, tí kò rí èémí mí, tí ojú ń ṣú u, tàbí tí ẹnu, apá tàbí ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan kò dáhùn mọ́, ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì kọ aago tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ fún dókítà. Ẹ má fún un ní nǹkan mu. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ki oògùn bọ̀ ọ́ lábẹ́ ahọ́n láti fi mú ẹ̀jẹ̀ náà wálẹ̀ kíákíá: bí ẹ̀jẹ̀ bá já wálẹ̀ lójijì, ó lè mú kí ọpọlọ má rí ẹ̀jẹ̀ tó. Fún aboyún, 140/90 kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀sẹ̀ méjì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kó lọ.

Ibi tí gbogbo rẹ̀ ti máa ń tú ká ni ibi lílọ sí ilé-ìwòsàn yìí. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ni ilé-ìwòsàn ìjọba máa ń gba aláìsàn, àkókò yẹn gan-an ni olùkọ́ wà níwájú ọmọ. Bí ẹ bá ń yọ owó lára owó oṣù ẹni tó lọ rí dókítà, ẹ jẹ́ ká má tan ara wa, wọn kò ní lọ. Ẹ kọ ọ́ sínú òfin ilé-ìwé pé ẹni tí ẹ̀rọ bá rán lọ ní àbọ̀ ọjọ́ láìyọ kọ́bọ̀ kan, kí ẹ sì ti mọ ẹni tí yóò di kíláàsì rẹ̀ mú. Ẹ yan òṣìṣẹ́ kan tí ẹnu rẹ̀ kì í ṣí, kó máa bi wọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì pé: ṣé o lọ, kí ni wọ́n sọ, ọjọ́ wo lo ń padà? Kó má jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Ẹni tó ń sanwó fúnni kì í ṣe ẹni tí a ń sọ àìsàn ẹni fún tọkàntọkàn.

Ohun méjì ni kó máa tẹnu mọ́. Ẹni tó ní "ẹ̀jẹ̀ mi ti wálẹ̀, mo ti fi oògùn sílẹ̀" ní láti mọ̀ pé oògùn náà ló mú un wálẹ̀; tó bá dá a dúró, yóò tún gòkè. Ìkejì ni oògùn ara ríro. Àwọn olùkọ́ tí ẹ̀yìn àti orúnkún ń dùn sábà máa ń ra ibuprofen tàbí diclofenac lọ́wọ́ kẹ́mísìtì, wọ́n á máa lò ó lójoojúmọ́. Àwọn oògùn wọ̀nyí a máa gbé ẹ̀jẹ̀ sókè, wọn a máa ba kíndìnrín jẹ́, wọn a sì máa dá egbò sí inú. Ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí kò sì wálẹ̀, ẹ bi í léèrè ohun tó ń lò fún ẹ̀yìn ríro.

Ó kan ọ̀rọ̀ ohùn. Tán-án-ná méjì ló wà nínú gògóńgò, tí wọ́n ń lu ara wọn bí a bá ń sọ̀rọ̀: ti obìnrin bíi ìgbà 200 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti ọkùnrin bíi 110. Ọ̀kan nínú ìdí tí ohùn àwọn olùkọ́ obìnrin fi ń tètè ha nìyẹn. Bí a bá pariwo, lílù náà á le sí i, ibẹ̀ á wú. Bí kò bá rí ìsinmi, kókó á yọ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń roko ṣe ń le. Orógbó, oyin àti súìtì tó ń mú ẹnu tutù a máa mú kí itọ́ sun kí ọ̀fun sì tutù, èyí dára, àmọ́ wọn kì í yọ kókó.

Ariwo ni kí ẹ gbógun tì. Ẹ rìn yíká ilé-ìwé láàárín aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá, kí ẹ dúró sẹ́yìn kíláàsì kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ń gbọ́ olùkọ́ kíláàsì kejì ju ti ibi tí ẹ wà lọ, ẹ ti rí iṣẹ́. Pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n fi pín gbọ̀ngàn sí méjì, tí kò kan òkè, kò dá ohùn dúró. Ẹ gbé e kan àjà, tàbí kí ẹ má ṣe fi kíláàsì méjì tó ń ka ìwé sókè sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní pírẹ́ọ̀dù kan náà. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, kò sí olùkọ́ tó lè borí rẹ̀, kí ó má tilẹ̀ gbìyànjú: kí iṣẹ́ kíkọ sílẹ̀ wà ní ìpamọ́ fún irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Fún pípe àwọn ọmọ sí àkíyèsí, àtẹ́wọ́ ìlù kan tí wọ́n á dáhùn tàbí agogo kékeré sàn ju "ẹ dákẹ́!" ìgbà ogójì lọ. Kí olùkọ́ má sọ̀rọ̀ nígbà tó bá kọjú sí pátákó. Kó kọ ọ́ tán, kó yíjú padà. Kí ó yéé ha ọ̀fun, kó gbé omi mì dípò rẹ̀. Sísọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ kì í ṣe ìsinmi fún ohùn tó ti ha, ó ń fún un pa ni. Kíkéré ohùn lásán ló dára.

Ẹ fi lára owó náà ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré mẹ́rin, irú èyí tí wọ́n ń dè mọ́ ìbàdí tí gbohùngbohùn rẹ̀ ń wà lẹ́nu, tí wọ́n ń fi iná sí bíi fóònù. Àwọn tí kíláàsì wọn pọ̀ jù àti àwọn tí ohùn wọn ti ń ha ni kó kọ́kọ́ lò ó. Kí oníkálukú ní fóòmù tirẹ̀ tó ń bo ẹnu ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá ha, ẹ gbé e kúrò níbi kíkọ́ni lẹ́nu fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta: ìdánwò kíkọ, ilé ìkàwé, máàkì. Bí ohùn bá ha ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló kàn, wọ́n sì wà ní UCH, ọsibítù ńlá tó wà ní Ìbàdàn yín níbẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá itọ́ jáde tàbí tí oúnjẹ kò gba ọ̀fun lọ, kó má dúró de ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ti eruku ṣọ́ọ̀kì, aṣọ tútù ni kí wọ́n fi nu pátákó.

Ẹ̀yin á máa rò pé omi mímu jẹ́ ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ fara balẹ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ obìnrin, lábẹ́lẹ̀, ìdí tí wọn kì í fi í mu omi kí ilé-ìwé tó jáde. Ìdáhùn tí ẹ ó sábà gbọ́ ni pé ilé ìtọ̀ kò ṣeé wọ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò wo àwọn ọmọ fún wọn. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ń fi òùngbẹ ra àlàáfíà. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni orí fífọ́ ọ̀sán, ohùn tó gbẹ, ìgbẹ́ líle, àti àìsàn ọ̀nà ìtọ̀ tó ń mú kí ìtọ̀ máa ta wọ́n; ó sì ń pa kún òkúta inú kíndìnrín. Bí ẹ bá ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó mu omi púpọ̀, ẹ ń fi ṣe ẹlẹ́yà ni.

Ẹ ya ilé ìtọ̀ kan sọ́tọ̀ fún òṣìṣẹ́ obìnrin, kó ní ìkọ́ ìlẹ̀kùn tó ń ti látinú, garawa omi olómorí, ọṣẹ, àti ohun ìdalẹ̀nù onídèérí fún aṣọ nǹkan oṣù. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ ní aago mẹ́sàn-án àti aago méjìlá. Lẹ́yìn náà, kí olùkọ́ kíláàsì méjì tó fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn jọ ní àdéhùn: ẹni kan kan ilẹ̀kùn, ẹnìkejì dúró láàárín ẹnu ọ̀nà méjèèjì fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ sọ ọ́ ní gbangba ní ìpàdé pé ẹ fọwọ́ sí i, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn rò pé ẹ ó bínú. Ìgbà yẹn lẹ wá lè sọ ti omi: pọ́ọ̀ wọ́tà mẹ́ta, sẹ̀ńtílítà 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí aago méjì tó lù. Ẹni tí dókítà ti dín omi rẹ̀ kù nítorí ọkàn tàbí kíndìnrín kò sí nínú èyí.

Àwọn ilé-ìwé kan kó àga olùkọ́ kúrò ní kíláàsì kí wọ́n má bàa jókòó. Bí tiyín bá jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ kó o padà lọ́la. Ẹsẹ̀ tó dúró láìrìn kì í ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè dáadáa, òun ló ń wú tó bá di ìrọ̀lẹ́, òun ló sì ń mú kí iṣan ẹsẹ̀ máa yọ gọ́ńgọ́. Àpótí gíga kan níwájú kíláàsì ti tó, kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe ju pírẹ́ọ̀dù mẹ́ta lọ láìrí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sinmi. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú lálẹ́ tó sì fà lówùúrọ̀ kò yani lẹ́nu. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń dunni, ọsibítù ni, torí ẹ̀jẹ̀ lè ti dì níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ríro àwọn olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi kò le tú: àga ọmọ ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń jókòó lé, wọ́n ń tẹ̀ síwájú láti àárọ̀, wọ́n sì ń gbé ọmọ. Ẹ ra àpótí onítáyà tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 35 tàbí 40, kí wọ́n fi máa yí láti ọ̀dọ̀ ọmọ kan dé òmíràn. Tábìlì tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ ọmọ, kó ga tó ìbàdí àgbà, kí káfíńtà sì kan àtẹ̀gùn kékeré mẹ́ta sí i kí ọmọ fúnra rẹ̀ gòkè lójú olùkọ́. Bó bá di dandan kí wọ́n gbé ọmọ, orúnkún ni kí wọ́n tẹ̀, kí ọmọ sún mọ́ àyà, kí wọ́n má sì yí ìbàdí bí wọ́n ṣe ń gbé e.

Oúnjẹ kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀ torí ẹ ní alásè. Iyọ̀ tí àgbà lè jẹ lóòjọ́ kò gbọ́dọ̀ tó gíráàmù 5, ìyẹn bíi ṣíbí tíì kan, máàgì sì wà nínú ìṣirò yẹn torí bí ìdajì rẹ̀ ni iyọ̀. Lára ìgò mínírà, ẹ wo iye ṣúgà tó wà nínú mílílítà 100. Bó bá jẹ́ gíráàmù 10, ìgò 35cl ti gbé 35, ìyẹn bíi ṣíbí tíì mẹ́sàn-án. Ẹ má fòfin dè é. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹ̀pà, ẹyin, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ọsàn wà lórí tábìlì kan náà pẹ̀lú pọ́fù-pọ́fù. Eré ìdárayá ọjọ́ Ẹtì lè máa lọ bó bá wu ènìyàn. Àròpọ̀ ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ni kí àgbà máa lépa, rírìn kánmọ́kánmọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ìdíje ta ló fọn jù, ẹ má dán an wò. Ìtìjú ni ó ń bí, àwọn kan á sì máa febi pa ara wọn.

Ti ọkàn ńkọ́? Owó oṣù tó pẹ́ ló wà nídìí ọ̀pọ̀ ìdààmú olùkọ́, kò sí ẹ̀kọ́ mímí sínú mímí síta tó lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ mú ọjọ́ owó oṣù kan, ẹ má yẹ̀ ẹ́. Ẹ pa ẹnu ẹgbẹ́ WhatsApp àwọn òbí dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Òbí tó bá fẹ́ jágbe mọ́ olùkọ́, ọ́fíìsì yín ni kó wá. Ẹni tó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà láìrí oorun sùn, tí ohun tó fẹ́ràn tẹ́lẹ̀ kò wù ú mọ́, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ayé sú u, àìsàn tó ní ìwòsàn ni. UCH ní àwọn dókítà ọpọlọ. Ọsibítù Àrò ní Abẹ́òkúta ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti 1954, àmọ́ àwọn ènìyàn ti fi orúkọ rẹ̀ ṣe èébú, nítorí náà "jẹ́ ká lọ rí dókítà" ti tó láti sọ.

Ohun méjì kan wà tí owó ẹgbẹ́ òbí kò gbọ́dọ̀ san, torí ojúṣe agbanisíṣẹ́ ni. Òfin NHIA, àjọ ìdójútòfò ìlera ti ìjọba àpapọ̀, ti 2022 sọ ìdójútòfò ìlera di dandan. Ní ìpínlẹ̀ yín, OYSHIA, àjọ ìdójútòfò ìlera ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni kí ẹ lọ bá. Kí ẹ tó buwọ́ lùwé, ẹ béèrè bóyá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru oṣooṣù wà nínú rẹ̀, àti ilé-ìwòsàn wo ló sún mọ́ ilé-ìwé. Òfin 2010 lórí ìsanpadà fún òṣìṣẹ́ sì ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ owó oṣù fún NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ìsanpadà náà. Èyí ló máa gba awakọ̀ yín sílẹ̀ bó bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́.

Ìwé tí ẹ ń kọ nọ́ńbà sí, inú dúrọ́ọ̀ tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnì kan ni kó wà, torí òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 ka ọ̀rọ̀ ìlera sí àṣírí. Àròpọ̀ nìkan ni kí wọ́n fi hàn yín: ẹni mélòó ni tirẹ̀ ga, mélòó ló ti wálẹ̀ sábẹ́ 140/90, ọjọ́ mélòó ni àìsàn gbà lọ́wọ́ ilé-ìwé ní sáà yìí. Kí ẹ sì máa gbé ẹ̀rọ náà lọ sí ilé-ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí wọ́n fi wé tiwọn lára ẹni kan náà. Bí ìyàtọ̀ bá ń tó 10, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ bátìrì, kí ẹ yẹ rọ́bà tó so ọ̀já pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ wò bóyá ó ń jò, kí ẹ tó ronú àtira òmíràn.